Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Kọ́ Ni Sáà

Ẹ̀yin ará SS1, ẹ rọra pariwo, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo wà ní ipò 19 nínú àwa 22 tí a jọ ń ṣe Fantasy ní kíláàsì wa. Èmi yìí kan náà ni mo fi gbogbo họlidé kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí WhatsApp. Olóòtú wa ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò tíìmù mi síbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó rò pé màá sá ni. N ò sá.

Fún àwọn olùkọ́ wa tí kì í ṣe é: wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn, owó orí fóònù lásán, kí ó fi ra agbábọ́ọ̀lù 15 nínú Premier League: aṣọ́lé 2, ọwọ́ ẹ̀yìn 5, àárín 5, iwájú 3. Kò gbọdọ̀ mú ju ẹni 3 lọ láti inú ẹgbẹ́ kan. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá gan-an ló ń di póìǹtì, ti ẹni tí a bá sì fi ṣe balógun á di ìlọ́po méjì. Pààrọ̀ kan ló jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀. Èyí tó bá lé sí i, wọ́n á yọ póìǹtì 4. Ọ̀sẹ̀ 38 ni gbogbo rẹ̀.

Ó yá, tíìmù mi. Haaland, mílíọ̀nù 15. Palmer, 10.5. Saka, 10. Foden, 9.5. Ẹni mẹ́rin ti jẹ 45. Ó ku 55 fún àwọn 11 yòókù, ìyẹn 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àfi bí ẹni tó fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ra ẹran, tó wá ń wá ẹni tó máa yá a ní gààrí.

Haaland ò já mi kulẹ̀. Góòlù 10 ló jẹ ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, mẹ́ta nínú rẹ̀ sí àwọ̀n Ipswich, mẹ́ta sí ti West Ham. Ṣùgbọ́n ta ni ò ní Haaland ní kíláàsì wa? Tí gbogbo wa bá fi í ṣe balógun, ọbẹ̀ kan náà la jọ lá, kò sẹ́ni tó yó ju ẹnì kejì lọ. Foden ńkọ́? Òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní sáà 2023/24, góòlù 19 ló jẹ nínú líìgì. Mo fi ojú àná rà á, àìsàn sì dá a dúró. Ola Aina tí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé torí orúkọ ni mo ṣe mú un, òun ló gbà mí. Nottingham Forest lọ na Liverpool ní 1-0 ní Anfield, póìǹtì 4 sì ni ti ọwọ́ ẹ̀yìn tí wọn ò bá jẹ góòlù sí àwọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí kọ́ ló bà á jẹ́. Ọwọ́ mi tí kò lè dúró ni.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, Chelsea na Wolves ní 6-2, Madueke jẹ góòlù mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ń pariwo lórí WhatsApp: "Ẹ ra Madueke kíá!" Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó bi mí pé ta ni kí òun tà. Mo ní kó ta Luis Díaz. Ó ní, "Ṣebí òun náà jẹ góòlù lónìí?" Mo dá a lóhùn pé, "Kí lo mọ̀?"

Ó tà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Díaz jẹ méjì ní Old Trafford. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, ó tún jẹ méjì sí àwọ̀n Bournemouth. Madueke ò jẹ ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi alára pààrọ̀ èèyàn márùn-ún lé sí ti ọ̀fẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn: póìǹtì 20 wọgbó. Góòlù ọwọ́ àárín kan, póìǹtì 5. Ẹ ṣírò góòlù mẹ́rin Díaz, 20 náà ni.

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òótọ́ ni, ó yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n babaláwo tó ń dífá ní ọrọọrún kì í kó kúrò nílé ní ọrọọrún. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ẹ tà á. Ẹni tí kóòṣì ò lò mọ́, ẹ tà á. Àmọ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má tà á torí pé ariwo ẹlòmíì pọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó gba 4 nínú 20 nínú test máàtì àkọ́kọ́ ti ń gbọ́ "lọ sí Arts" láti ẹnu àwa akẹ́kọ̀ọ́. Test kan ṣoṣo! Arts kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó ẹni tó fìdí rẹmi sí, SS1 ò sì tíì pé oṣù kan.

Ọ̀rẹ́ mi ló wà ní ipò 22. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Láti ìgbà tí a ti wọlé, kò bá mi jẹ àkàrà ní bíréèkì mọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe torí póìǹtì. Torí "Kí lo mọ̀?" yẹn ni.

Nítorí náà, níwájú gbogbo yín: o mọ̀ jù mí lọ. Má bínú. Màá fi pààrọ̀ ọ̀fẹ́ ta Foden lọ́sẹ̀ yìí, n ò ní fọwọ́ kan ẹlòmíì. Ìwọ náà má kúrò, ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ 33. Èmi ni màá ra àkàrà ní Friday.