Kí Kwara United Má Lọ Bí Leventis Ṣe Lọ

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Kwara United na Abakaliki FC ní pẹ́náàtì, 4 sí 3, wọ́n sì gbé Ife Ààrẹ wá sí Ìlọrin. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ife ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà nìyẹn. Ní Bàbókò tí mo ti ń ránṣọ, àwọn oníbàárà mi kò bá mi sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́ lọ́sẹ̀ náà. Inú mi dùn bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹgbẹ́ tó gba ife yìí kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì pòórá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ní 1984, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ ni mí ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Bí ọ̀gá bá ti dá wa sílẹ̀, pápá Liberty la máa ń gbà lọ, ká lọ wo Leventis United, ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Leventis dá sílẹ̀. Lọ́dún náà ni wọ́n na Abiola Babes ti Abẹ́òkúta 1 sí 0, tí wọ́n gba ife tí à ń pè ní Challenge Cup nígbà náà. Ní 1985, Abiola Babes gbà á. Ní 1986, Leventis tún na Abiola Babes 1 sí 0. Ní 1987, Abiola Babes tún gbà á padà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ife náà kò fi kúrò nílẹ̀ Yorùbá.

Leventis kò sì mọ sílé nìkan. Ní 1985, wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Al Ahly na wọ́n 2 sí 0 ní Káírò, àwọn náà na Al Ahly 1 sí 0 nílé. Ní 1986, wọ́n gba líìgì, wọ́n sì gba ife pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó jù wọ́n lọ ní Nàìjíríà lọ́dún náà.

Ní 1987, ilé-iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká. Kì í ṣe pé wọ́n já kúrò ní líìgì. Ẹni tó ni wọ́n ló ní ó tó, gbogbo àwa tí à ń pariwo orúkọ wọn kò sì ní ohùn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, Abiola Babes náà tú ká. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Rashidi Yekini, ọmọ Kwara tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá wa n'Ílọrin, ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Abidjan, kó tó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 1993.

Àwọn kan á ní láìsí olówó, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kò lè dúró. Òótọ́ ni. Owó Leventis àti ti Abíọ́lá tó ni Abiola Babes ṣe ohun tó pọ̀, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni kó owó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Al Ahly tó na Leventis yẹn. Láti 1907 ló ti wà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó àsansílẹ̀ ló máa ń dìbò yan ààrẹ rẹ̀. Ní 2024, ó gba ife àwọn akọni Áfíríkà ìkejìlá. Kò sí ọlọ́rọ̀ kan tó lè jí lówùúrọ̀ kó ní òun ti tì í pa.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni Kwara United lónìí. Gómìnà kan lè fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kí èyí tó máa tẹ̀lé e má bìkítà. Nítorí náà, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara ṣe òfin tó máa jẹ́ kí àwa ará ìlú forúkọ sílẹ̀, ká máa san owó ọdọọdún tí agbára mẹ̀kúnnù ká, ká sì yan àwọn aṣojú wa sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́. Kí wọ́n máa tẹ ìṣirò owó jáde lópin sáà kọ̀ọ̀kan. Kí òfin náà sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ tú u ká, láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò sí i.

Ìsinsìnyí tí a ti gba ife, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ gbọ́ orúkọ Kwara United, ló yẹ ká béèrè fún un. Ní 1986, ife méjì ló wà lọ́wọ́ Leventis. Kò sẹ́ni tó ronú pé ọdún kan péré ló kù fún wọn.