Ilé tó jóná n'Ílobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun: kọ̀ǹpútà lè ya pílánù rẹ̀, ta ni yóò fi ààlà hàn án?

Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun súnmọ́ra débi pé àlejò tó ti Òṣogbo bọ̀ lè là wọ́n kọjá láìmọ̀ pé ìlú méjì lòun ti rìn. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n ni ti Orolú. Olóbùú ló ń jọba lọ́hùn-ún, Olúfọ́n ló ń jọba níhìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ojú a yí padà. Ìjà náà kì í ṣe ti àná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó tún bẹ́ sílẹ̀, ó sì kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé lórí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀ ní Ìrẹ́pọ̀dùn kò mọ̀ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ yóò rí.

Láti ìgbà náà, ẹni tó nilẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò kọ́kọ́ kan ẹni tí iná jó ilé rẹ̀: bí ó bá fẹ́ tún un kọ́, ìwé wo ni yóò fi kọ́ ọ? Òfin ètò ìlú tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1992 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé láìgba àṣẹ, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì là á yé gbogbo ayé lọ́dún 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àkóso ètò ìlú lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba àṣẹ náà yóò mú ìwé ìwọnlẹ̀ tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó níwèé-àṣẹ fọwọ́ sí lọ́wọ́, yóò sì mú àwòrán ilé dání, èyí tó ní òǹtẹ̀ ayàwòrán-ilé tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ ARCON.

Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní àárín ìlú àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Okùn, èèkàn àti orí bíríkìlà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bàbá ẹbí á fẹsẹ̀ wọn yàrá, á ní kí wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáàárín, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jóná, ohun tó kù tó lè jẹ́rìí sí bó ṣe rí ni ògiri tó ṣì dúró àti ìrántí àwọn àgbà. Ògiri amọ̀ tí kò sí páànù lórí rẹ̀ mọ́ kì í sì í dúró de òjò lọ́pọ̀ ọdún.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láti ọdún 1982 tí AutoCAD ti jáde, àwọn ayàwòrán-ilé ti ń fi ẹ̀rọ fa ìlà dípò rúlà àti pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n ìlà lásán ni. Bí wọ́n bá ya ìsàlẹ̀ ilé tán, wọn yóò tún ya iwájú rẹ̀ lọ́tọ̀, wọn yóò ya ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀, kò sì sóhun tó so ọ̀kan mọ́ èkejì ju làákàyè ẹni tó ń yà á lọ. Ìdí nìyí tí bíríkìlà fi lè dé orí ilẹ̀, tí yóò ka fèrèsé mẹ́rin nínú pílánù, tí yóò sì bá mẹ́ta níwájú ilé. Èwo ni kó kọ́? Èyí tó bá wu ọkàn rẹ̀ ni yóò kọ́, ìyàwó onílé ni yóò sì pariwo.

Èyí tó lòde báyìí yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ilé náà sínú kọ̀ǹpútà lódindi, ògiri, òrùlé, àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi amọ̀ mọ ilé. SketchUp jẹ́ ọ̀kan nínú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé fẹ́ràn fún iṣẹ́ náà, nítorí pé kò ṣòro kọ́. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Boulder, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 2000. Google rà á lọ́dún 2006, ó sì tà á fún iléeṣẹ́ Trimble lọ́dún 2012. Lọ́dún 2007 ni wọ́n fi èkejì rẹ̀ tì í, èyí tí wọ́n pè ní LayOut. Iṣẹ́ ti LayOut ni kó tẹ́ ilé tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà sórí bébà. Ayàwòrán á la ilé náà bí ẹni la búrẹ́dì, á gbé ojú tó là sórí bébà kan, á gbé iwájú ilé sórí òmíràn, á sọ ìwọ̀n tó fẹ́ kí wọ́n tò ó sí, á sì fi nọ́ńbà sí i. Bí onílé bá ní òun fẹ́ fèrèsé kan sí i, inú ilé ni wọ́n á ti fi í sí. Bí wọ́n bá ti sọ fún LayOut pé kó tún ilé náà wò, gbogbo bébà ló máa gbà á. Ilé kan ṣoṣo ni gbogbo àwòrán ń wò, nítorí náà ó ṣòro kí wọ́n máa ta ko ara wọn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí àǹfààní tó wà nínú irú ètò tó so gbogbo ìwé ilé mọ́ra báyìí débi pé láti oṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ di dandan lórí iṣẹ́ ìkọ́lé tí ìjọba àpapọ̀ wọn bá gbé jáde.

Fún ẹbí tí ilé wọn jóná, oore ńlá ni. Ọmọ wọn tó mọ̀ ọ́n lò lè fi téèpù wọn ògiri tó kù, kó fi fóònù ya fọ́tò, kó sì tún agbo ilé bàbá rẹ̀ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí òjò tó wó o.

Àmọ́ àwòrán tó dán kì í ṣe àwòrán tó pé. Àwọn kan nínú irú ètò wọ̀nyí lè bá ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì àwọn Amẹ́ríkà wá, tàbí ògiri pákó tín-ín-rín tí wọ́n fi ń kọ́lé lọ́hùn-ún. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n ń lò nílé wa jẹ́ 225 mìlímítà ní fífẹ̀, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ rárá. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i padà yóò rí i pé yàrá tó bá ìwé dọ́gba kò gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán. Èyí tó tún burú jù ni ti ìtẹ̀wé. Wọ́n á ya àwòrán sórí bébà ńlá tí wọ́n ń pè ní A3, ní ìwọ̀n tí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan. Wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, bébà A4 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì fún un pọ̀ kó lè wọ̀ ọ́. Mítà kan ti di mìlímítà méje nìyẹn. Bí bíríkìlà bá fi rúlà wọn yàrá mítà 3.6 lórí irú bébà bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mítà 2.5 ni yóò bá. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwòrán ni kó kà, kó má fi rúlà wọn bébà.

Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé tún ṣe. Ọ̀rọ̀ kan kù tí kọ̀ǹpútà kò rí tún ṣe ní Ìlobùú àti Ifọ́n, ìyẹn náà ni ibi tí ilé náà dúró sí. Ilé inú kọ̀ǹpútà kò dúró lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, àfi bí wọ́n bá fi nọ́ńbà wọnlẹ̀wọnlẹ̀ so ó mọ́lẹ̀. Àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Nàìjíríà ti lo ìpìlẹ̀ ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Minna pẹ́. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìwọnlẹ̀ àtijọ́. Fóònù ọwọ́ ènìyàn kì í lo ìyẹn, ìpìlẹ̀ tí sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà ń lò ni ó mọ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbé ilé sórí ìwé ìwọnlẹ̀ ti Minna láìyí i padà, ilé náà yóò sún kúrò láàyè rẹ̀ ju àádọ́ta mítà lọ. Ní ìlú tó wà ní àlàáfíà, àṣìṣe tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ni. Níbi tí wọ́n ti ń jà nítorí ẹ̀yìnkùlé, àádọ́ta mítà ti gbé ilé kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn.

Èyí ló sọ igun kékeré tó wà nísàlẹ̀ bébà di ohun tó léwu ju gbogbo àwòrán lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ onílé, orúkọ ayàwòrán, àti àdírẹ́sì sí. Nínú LayOut, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọ ọ́, ó sì máa hàn lórí gbogbo bébà. Bí wọ́n bá kọ Ifọ́n síbẹ̀, tí ọ́fíìsì ètò ìlú ní Orolú sì lù ú lóǹtẹ̀, lọ́la, bébà náà ni wọn yóò gbé lọ sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ilẹ̀ Ifọ́n ni. Bó bá jẹ́ Ìlobùú ni wọ́n kọ, tí ti Ìrẹ́pọ̀dùn lù ú, ẹ̀rí náà ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó kàn fẹ́ ibi tí yóò forí lé ti di ẹlẹ́rìí láìmọ̀, wọ́n sì lè tún dáná sun ilé rẹ̀ nítorí ìlà kan ṣoṣo lórí bébà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀, tí igbákejì gómìnà ń darí, wà fún irú èyí gan-an. Kí wọn rán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba lọ, kí àwọn aṣojú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tẹ̀ lé e nígbà tí ó bá ń ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì gbé nọ́ńbà òpó kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ènìyàn. Kí àṣẹ ìkọ́lé fún àwọn tí ilé wọn jóná lágbègbè tí wọ́n ń jà lé sì wá láti Òṣogbo tààrà, láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ èyíkéyìí nínú ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, títí tí ọ̀rọ̀ ààlà yóò fi yanjú. Kò gba owó rẹpẹtẹ. Ohun tó gbà ni kí ẹnìkan ní ìgboyà láti sọ fún Olóbùú àti Olúfọ́n pé òpó náà kò ní í wà níbi tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́.

Ní báyìí ná, kí ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ wọn ògiri tó kù, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà. Àpótí àdírẹ́sì nísàlẹ̀ bébà ni kí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo títí òpó yóò fi dúró.