Bí Ọ̀pọ̀ Alárù Ṣe Ń Kó Ìwé Àtijọ́ Gba Orí Wáyà

Ọmọ wa kan ní Ìkòròdú, tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀wé sí mi pé àwọn ń ya àwòrán ìwé Lárúbáwá àfọwọ́kọ tí ó wà nínú àpótí àwọn bàbá àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fẹ́ kó o lọ sí ilé ìpamọ́ ńlá kan lókè òkun, ṣùgbọ́n fáìlì kan ń gba òru mọ́jú, bí iná bá sì lọ, ó di kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n bá òun là á yé àwọn àgbà, kí wọ́n lè fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré ọmọdé. Nígbà tí àwọn Òyìnbó fi àgbá fọ́ Èkó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rinrin ọ̀sà àti ikán kì í bi ìwé bóyá ti alùfáà ni. Ẹ rántí Tìmbúkútù: ní 2012 ni Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àpótí irin kó ìwé sá lọ sí Bàmákò, ní January 2013 àwọn jagunjagun tó ń sá lọ dáná sun lára èyí tó kù.

Kí ló dé tí fáìlì fi ń pẹ́? Ẹni tó ń ránṣẹ́ yóò sọ díẹ̀, yóò dúró gbọ́ “mo ti gbà á”, kí ó tó tẹ̀síwájú. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù àti padà ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n tí a bá dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ilẹ̀ á ṣú. Bí èkúfọ́ kan bá sì sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ náà á dẹ ẹsẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń ka Kùráànì Alápọ̀nlé parí láàárín òwúrọ̀ kan fún òkú? A ó pín ìpín 30 fún ènìyàn 30. Ẹnikẹ́ni ìbáà kọ́kọ́ parí, kò ba nǹkan jẹ́, nítorí ìpín kálukú ní àyè tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni GridFTP ṣe ń ṣe: ó gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ó kọ àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lórí, ó sì rán wọn gba ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ, ibi tó ti já ni yóò ti gbà á.

Ọ̀nà ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹrù, bíi ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ níbi tí ẹni tó ń nájà kì í ṣe alárù. Ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni 2811. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣí ìyẹn, wọ́n á gbàgbé ilẹ̀kùn àwọn alárù, wọ́n á wá sọ pé sáfà kò dára. Ẹ yan àwọn nọ́ńbà kan, bíi 50000 dé 51000, ẹ kọ ọ́ sínú ètò sáfà, kí ẹ sì ṣí wọn lára ògiri ààbò. Kí ìhà méjèèjì fi ìwé ẹ̀rí hàn. Ẹ tún kíyè sí i pé, bí a kò bá pàṣẹ fún un, kì í bo ẹrù náà lójú. Àwọn ará Globus ní Yunifásítì Chicago dáwọ́ ìtọ́jú èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ dúró ní 2018. Ti Grid Community Forum ni kí ẹ mú.

Ilé ìpamọ́ irú HPSS, tí IBM àti àwọn ilé ìwádìí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ń gba ẹrù sórí dísìkì, lẹ́yìn náà ló ń kó o sórí téèpù. Téèpù kò fẹ́ràn wẹ́wẹ́. Ẹ di àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan pọ̀ sínú fáìlì kan kí ẹ tó rán an.

Kí ọmọ wa má sì pa ohunkóhun rẹ́ nílé títí òǹkà ìdánwò ìhà méjèèjì yóò fi bára mu. Ní ti àwọn ìdílé, ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n béèrè lákọsílẹ̀ ẹni tí yóò máa ṣí ìwé wọn wò lókè òkun, kí ẹ̀dà kan sì wà ní Ẹ̀pẹ́.