Ẹ Gba Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀, Ẹ Má Gba Ẹgbẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó àjẹmọ́nú ni a sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ àìsàn kan ni a mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni òun náà.

Àìsàn tí a ń wí ni èyí tí ó ń mú kí iyè ènìyàn rà. Bí ó bá ṣe arúgbó ẹni 80 ọdún, a ó ní ó ń ṣarán, a ó sì fà á mọ́ra. Ọmọ yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọmọ-ọmọ yóò máa bá a ṣeré. Bí ó bá wá ṣe ẹni ọdún 45 tàbí 50 ńkọ́? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé-ìwé, tí onílé ń retí owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ṣì ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí kí ó lè tètè dé Ìsàlẹ̀ Èkó? Kò sí ẹni tí yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní arúgbó. Ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ayé ń ṣe.

Àwọn dókítà sọ pé bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 65, ó tètè dé ni. Kì í ṣe ohun àná. Obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù, Auguste Deter, ẹni ọdún 51 ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn ní ìlú Frankfurt, ní Jámánì, ní ọdún 1901. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ rẹ̀. Dókítà Alois Alzheimer ni ó tọ́jú rẹ̀, nígbà tí obìnrin náà sì kú ní ọdún 1906, ó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí ohun tí ó bà á jẹ́. Ní 1910 ni wọ́n fi orúkọ dókítà yìí pe àìsàn náà. Ìyẹn ni pé ìyàwó òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe arúgbó. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí iyè wọn ń rà ní gbogbo ayé lé ní mílíọ̀nù 55, àti pé nínú 100 wọn, ó lè tó mẹ́sàn-án tí tiwọn tètè dé.

Àwọn kan ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n rí nílé wa níbí. Ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun wà lára wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ń yẹ àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú 1,000 àgbàlagbà Ìdíkàn, nǹkan bí 13 tàbí 14 ni àìsàn náà ń mú. Nínú 1,000 aláwọ̀ dúdú Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Ó dára bí tiwa ṣe kéré, ṣùgbọ́n kíkéré kì í ṣe àìsí. Àti pé àwọn tí kò tíì pé 65 kò sí nínú ìkà náà rárá. Ẹni tí a kò kà, a kò lè sọ pé kò sí.

A rí i láàrin wa ní Apọ́ngbọ̀n níbí. Awakọ̀ kan wà, ẹni ọdún 51, tí ó ti ń gbé òṣìṣẹ́ lọ gbé wọn bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná jó lábẹ́ Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n, wọ́n sì ti afárá náà. Gbogbo awakọ̀ ní láti yí ọ̀nà padà, kí wọ́n gba Afárá Carter tàbí Third Mainland. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀nà tuntun ti mọ́ àwọn yòókù lára. Ọkùnrin yìí kò mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni ó ń darí ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti dí. Ohun tí ó ti mọ̀ fún 20 ọdún ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tuntun kò dúró níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi owó epo kà, ó sì ń bínú sódì, òun tí kì í bínú tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀gá fún un ní kúẹ́rì mẹ́ta láàrin oṣù méjì. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ní ó ń mu ọgọ́rọ̀ kí ó tó gun ọkọ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé àdúrà, àwọn kan níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó rẹ̀ bí àjẹ́. Nígbà tí kúẹ́rì kẹta dé ọwọ́ wa, a ní kí àwọn ọ̀gá dúró, kí a kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibẹ̀ ni a ti mọ ohun tí ó jẹ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le, ẹ̀yin ará. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí a jà kí ó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ nìṣó. A ní rárá. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń rà kò gbọdọ̀ wà ní ìdí ọkọ̀ tí 30 ènìyàn jókòó sí, kò sì gbọdọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ tí ń gé irin. Bí ẹgbẹ́ bá gbèjà ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni yóò wà lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n a sọ fún àwọn ọ̀gá pé gbígba ọkọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì lè fọ ọkọ̀. Ó ṣì lè wà ní ẹnu géètì pẹ̀lú ẹnìkejì. Ìjíròrò náà gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì gbà. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti ààbọ̀ sí i, ó sì fi ọ̀wọ̀ lọ sílé, ó gba ohun tí ó tọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti lé e nítorí ìwà àìtọ́, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ yẹn ìbá gbà.

Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ó jẹ́ àìsàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú agbárí lẹ́yìn tí ènìyàn forí gbá nǹkan lè fa irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó fítámì B12, ọtí àmujù, àti kókó inú ọrùn tí ń jẹ́ thyroid bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìwọ̀nyí ní ìtọ́jú. Yábàá kò jìnnà, Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Bí ó bá wá jẹ́ àìsàn náà gan-an, kò tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tètè mọ̀ yóò rí àyè ṣètò owó, ilé àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ká ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún mọ̀ pé àwọn ohun kan tí ń fa àìsàn yìí wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka ohun 14 tí ó ń dá kún un. Lára wọn ni etí tí ń dí, ìfarapa ní orí, èéfín tí a ń fà símú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù àti dídá nìkan wà. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bí 45 nínú 100 àìsàn yìí ni a lè dènà tàbí kí a fà sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ti àwọn mìíràn ń bá ìran wọn wá. Síbẹ̀, bí a bá ń jà fún ohun ìdíwọ́ ariwo fún etí àti akoto fún orí, ọpọlọ ni a ń jà fún.

Ìtọ́jú láàrin ènìyàn kì í ṣe àṣà àjòjì. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, Abẹ́òkúta. Dípò kí ó há àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́ inú ògiri, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ará ilé kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé wọn wá. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn, wọ́n sì ń bá abúlé gbé. Gbogbo ayé wá wò ó. Ènìyàn ni aṣọ. Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe náà ti fi hàn pé àwọn lè kó ara wọn jọ. Christine Bryden, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ọsirélíà, ẹni ọdún 46 ni nígbà tí dókítà sọ fún un ní 1995. Ó kọ ìwé, ó sì ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn dókítà. Ní 2008, Kate Swaffer, ará Ọsirélíà kan náà, gbọ́ tirẹ̀ ní ẹni ọdún 49. Wọ́n ní kí ó fi iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ó lọ jókòó sílé. Kò gbà. Ní 2014, òun àti àwọn mìíràn tí àìsàn náà ń ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Dementia Alliance International. Ẹni tí àìsàn náà ń ṣe nìkan ni ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á.

Òfin náà fún wa ní ìba ohun tí a lè dì mú. Òfin Iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 fún àìsàn lọ́dún pẹ̀lú owó. Ìyẹn kò tó nǹkan kan fún irú èyí. Ṣùgbọ́n Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 gba nínú owó rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá jẹ́rìí pé ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ mọ́. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ka àbùkù ọpọlọ tí ń pẹ́ lára kún un, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ẹ̀tanú wo ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí aṣojú yín tó rí i.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa nìyí. Èkíní, kí dókítà ṣáájú kúẹ́rì: ẹni tí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí a mú un lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́. Èkejì, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kúrò ní ìdí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ, a ó sì wá iṣẹ́ mìíràn fún un, owó oṣù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín. Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkejì kan wà fún un lẹ́nu iṣẹ́, tí yóò máa bá a rìn, kí ìwé kékeré tí ó ní orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ilé sì wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka ṣètò àbẹ̀wò sílé. Ìyàwó awakọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, Òkè-Àrín ni ó ti ń tajà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru, kò rí oorun sùn, kò sì lè lọ sí ọjà mọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá lè bá ọkọ rẹ̀ jókòó ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ìsọ̀ yóò ṣí, ilé yóò jẹun. Ẹ̀karùn-ún, kí a kó àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tí ó ń ṣe fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kí ó sọ tẹnu rẹ̀. A kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó ẹgbẹ́ kò tó. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà yìí kò gba owó. Àsìkò ni ó ń gbà, àti pípa ẹnu mọ́ kúrò nínú yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Kò sí ẹni tí ó mọ ti ọ̀la nínú wa.

Irùngbọ̀n pupa òyìnbó kan, William McCoskry, tí ó di adelé gómìnà Èkó ní 1861, ni a fi ń pe Apọ́ngbọ̀n títí di òní. Bí Èkó bá lè rántí irùngbọ̀n àlejò fún ohun tí ó lé ní 160 ọdún, kò yẹ kí ẹgbẹ́ gbàgbé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó san owó ẹgbẹ́ fún 20 ọdún nítorí pé òun ti gbàgbé orúkọ wa.

Bí ẹ bá mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ní ilé-iṣẹ́ tàbí ní gáréèjì, ẹ fi tó aṣojú yín létí ní ìdákẹ́jẹ́ kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.