A Gbóṣùbà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Rezvani àti Àwọn Ìyá Ọlọ́mọ

Òṣùbà ràbàǹdẹ̀ ni a fi ń kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Katy Rezvani àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn MD Anderson, ìlú Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ni wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun, èyí tí à bá dànù, tí wọ́n fi ń gbógun ti jẹjẹrẹ.

Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní NK. Bí ọdẹ àdúgbò ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á máa rìn káàkiri ara, sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní àmì ọmọ onílé lára, wọ́n á pa á. Ọdún 1975 ni Rolf Kiessling, Eva Klein àti Hans Wigzell kọ̀wé nípa wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska, ìlú Stockholm. Klas Kärre ló wá tú àdììtú àmì yẹn. Ó yẹ kí a kí àwọn tó lànà náà.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ mọ bí a ti ń sá pamọ́ fún ọdẹ. Ìdí nìyí tí ikọ̀ Rezvani fi tún àwọn NK inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ṣe, kí wọ́n lè dá àmì kan tí wọ́n ń pè ní CD19 mọ̀ lára jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ní 2020, wọ́n jábọ̀ pé nínú aláìsàn 11 tí wọ́n fún ní àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ìtọ́jú náà ran 8 lọ́wọ́, wọn kò sì rí jẹjẹrẹ náà mọ́ lára 7. Kò sí aláìsàn tí sẹ́ẹ̀lì tó ti ara ẹlòmíràn wá náà gbógun ti ara rẹ̀.

Òtítọ́ inú ikọ̀ náà ló wú wa lórí jù. Nígbà tí aláìsàn di 37, wọn kò fi bò pé nǹkan bí ìdajì ni ìtọ́jú náà ràn lọ́wọ́. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọ́n bá tètè mú dì bíi yìnyín, kí wákàtí 24 tó pé, wà lára èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù. Oríyìn yìí kan àwọn agbẹ̀bí tí kò fi iṣẹ́ falẹ̀, àti àwọn ìyá tó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìwádìí ṣì ni ìtọ́jú yìí, kì í ṣe oògùn ọjà. Ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un.