Ẹ Jẹ́ Kí Amúkùn-ún Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣàkíyèsí pé amúkùn-ún fúnra rẹ̀ ni ó fèsì nínú òwe yìí. Nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kà ńkọ́, ta ni ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀?

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938. Ta ni yóò kà á tí kò ní júbà D. O. Fágúnwà? Síbẹ̀, ẹ rántí Ẹ̀gbin: jìgá ti ba ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, egbò sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àìsàn rẹ̀ di ohun ẹ̀rín àti ohun ìríra. Àbúrò mi obìnrin kan ní Bẹ́yẹrúnkà ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ibẹ̀ ní kíláàsì, Ẹ̀gbin ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba, kì í sì í ṣi owó kà.

Ẹnìkan lè sọ pé Yorùbá kì í fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni òrìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀wọ̀ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń pè ní ẹni òrìṣà ṣáá, ta ni yóò béèrè ohun tí òun alára ń fẹ́?

Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó ka yíyan aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà wọlé. Òfin lè ṣe ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Kò lè yọ "Ẹ̀gbin" kúrò lẹ́nu ọmọ kíláàsì. Iṣẹ́ olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ni ìyẹn.

N kò ní kí a má ka Fágúnwà mọ́. Kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìwé náà bi àwọn ọmọ léèrè pé: bí Ẹ̀gbin bá ń ròyìn ara rẹ̀, kí ni yóò wí? Àwa tí a ń kọ ìtàn, ẹ jẹ́ kí a kọ ti ọmọbìnrin tí ó ń fi ọ̀pá gun òkè Màpó, tí ó ń ṣeré, tí ó ń jà, tí ó ń ṣìṣe, tí ó sì ń gbèrò ọ̀la. Kí a má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe èrè ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀. Kí a má sì wò ó sàn ní ojú ewé ìkẹyìn kí ó tó di ènìyàn.