Receptor Kì Í Dúró De Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa receptor kò ju ti kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo lọ. Agonist ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i, antagonist ló ń dí ihò rẹ̀. Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, a gbà pé àgádágodo dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ni àpèjúwe tí mo fẹ́ ká máa lò. Omi dáàmù Aṣéjìrẹ́, èyí tí à ń rí bí a bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìkirè àti Àpòmù, ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ń retí. A mọ ẹ̀rọ tó máa ń kán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ receptor rí: wọ́n ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn. Agonist ń ṣí ẹ̀rọ náà dáadáa. Antagonist di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ẹlòmíràn má ṣí i, àmọ́ omi ṣì ń kán. Inverse agonist ló yí i pa, tí kíkán náà fi dínkù.

Ní 1989, Tommaso Costa àti Albert Herz fi èyí hàn lára receptor opioid. Piriton tí à ń lò bí ara bá ń yún wa pàápàá, inverse agonist ni lára receptor H1.

Ẹnìkan lè ní, "Ara mi ò yún mọ́, kí ló tún kù?" Ó kù o. Ní 1996, Martine Smit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi cimetidine àti ranitidine, oògùn ọgbẹ́ inú, sí ara sẹ́ẹ̀lì fún ìgbà pípẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà kó receptor H2 púpọ̀ sí i jọ. Burimamide, tó kàn ń dènà lásán, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni a fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú nóòtì wa, ìwà wọn sì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí àgádágodo wà fún àwọn ọmọ ọdún kìíní. Àwa tó kù, bí a bá ń kọ "antagonist" síwájú oògùn kan, ká kọ́kọ́ bi ara wa: ṣé ó ń dènà ẹlòmíràn ni, àbí ó ń pa ẹ̀rọ náà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ bá wa tún nóòtì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ṣe.